Ta Ló Láṣẹ Lórí Ife Kọfí Yín? Ìtàn Ẹ̀rọ Oníife Kan

 

Ó ti ṣe díẹ̀ tí àwọn kan nínú yín ti ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ra ẹ̀rọ kọfí kékeré sílé, èyí tó ń po ife kan lẹ́ẹ̀kan. Èwo ni kí n rà?" Ètò ìtàn lèyí, a kì í ta ọjà níbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ro ìbéèrè náà, mo rí i pé ìtàn gan-an ló máa dáhùn rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí ti fa ara wọn lọ sílé ẹjọ́ nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ta ló láṣẹ láti pinnu ohun tẹ́ ẹ máa rọ sínú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi owó yín rà?

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé kọfí oníife kan ṣàjèjì sí wa. Mái ṣáyì tó wà ní ìkóríta àdúgbò yín ń ṣe é lálaalẹ́. Ó máa já ọ̀rá Nescafé, á da mílíìkì lé e, á wá máa da á láti inú ife kan sínú èkejì lókè réré títí yóò fi hó ìfófó. Ife tìrẹ nìkan ló pò, ẹyin tìrẹ nìkan ló dín, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ á dúró de tiẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tà fún wa nínú àpótí dúdú tó ń dán yẹn kò ju iṣẹ́ mái ṣáyì lọ. Àmọ́ mái ṣáyì kò béèrè pé ọ̀dọ̀ òun nìkan ni kí o ti máa ra ṣúgà.

Ìkòkò ni wọ́n fi ń se kọfí láyé àtijọ́. Wọ́n á sè é fún gbogbo ilé, wọ́n á bù ú bí ẹni bu ẹ̀kọ, ẹni tó bá dé kẹ́yìn ni yóò mu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Luigi Bezzera, ọmọ ìlú Milan ní Ítálì, wà lára àwọn tó yí èyí padà. Ní 1901 ó béèrè fún páténtì, ìyẹn ìwé ìjọba tó ní kò sẹ́lòmíì tó gbọdọ̀ ṣe irú nǹkan náà fún iye ọdún kan. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ń fi agbára ooru ti omi gbígbóná gba inú kọfí lílọ̀ kọjá, ife kan lẹ́ẹ̀kan, lójú oníbàárà. Desiderio Pavoni ra ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ ẹ̀rọ ọ̀hún níbi ìpàtẹ ọjà àgbáyé ní Milan ní 1906. Ibẹ̀ ni espresso ti bẹ̀rẹ̀ sí í lókìkí. Ẹ̀rọ ńlá ni, ti ilé ọjà ni, kò sẹ́ni tó máa gbé e sílé ìdáná.

Ẹni tó gbé e wọlé fún àwa mẹ̀kúnnù ni ìyàwó ilé kan ní Dresden, ní Jámánì. Melitta Bentz lorúkọ rẹ̀. Kọfí tó ń mu nílé ń korò bí ewúro, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì ń há sí i léyín. Ó mú ife idẹ kan, ó fi ìṣó lu ìdí rẹ̀ ní ihò wẹẹrẹ. Ó wá ya bébà kan nínú ìwé ilé ìwé ọmọ rẹ̀, irú bébà tí àwọn ọmọ ìgbà náà fi ń fa ínkì tó bá kán dànù. Ó tẹ́ bébà yẹn sínú ife, ó da kọfí lé e, ó da omi gbígbóná sí i. Ohun tó kán sísàlẹ̀ mọ́ lóló. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1908, ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó ti forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú owó ìdókòwò 73 pfennig. Bí kọ́bọ̀ ṣe rí sí náírà ni pfennig rí sí máàkì, nítorí náà owó náà kò pé máàkì kan. Ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ ló bá a ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ọjà ní Leipzig, asẹ́ tí wọ́n tà níbẹ̀ lé ní 1,200.

Ilé-iṣẹ́ Melitta ṣì wà dòní, ó ṣì ń ta bébà asẹ́. Bébà yẹn wà lára ohun tó ń mówó wọlé fún un, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sígbà kan tí ife onihò yẹn kọ kọfí ẹnikẹ́ni. Bí bébà bá tán, aṣọ tó mọ́ lè dí àyè rẹ̀.

Alfonso Bialetti náà rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀dẹ alumíníọ̀mù ni ní Crusinallo, ní àríwá Ítálì, ní 1933 ló sì gbé Moka Express jáde, ìkòkò kékeré onígun mẹ́jọ tẹ́ ẹ ti máa rí nínú fíìmù. Omi wà nísàlẹ̀, kọfí wà láàárín, ẹ gbé e ka iná. Ooru á dàgbà nínú ìsàlẹ̀ tí wọ́n dé pa, á ti omi gòkè gba inú kọfí kọjá, kọfí á sì dé òkè pẹ̀lú ariwo gùlùgùlù. Kò ní wáyà, kò ní bátìrì. Oríṣiríṣi ló wà, títí dórí èyí tó ń ṣe ife kan péré. Ọmọ rẹ̀, Renato, ló fi ìpolówó gbé e kárí ayé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí Renato kú ní 2016, inú ìkòkò Moka ńlá kan ni wọ́n kó eérú òkú rẹ̀ sí, àlùfáà sì gbàdúrà lé e lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá ní kí n yan pósí, mi ò mọ̀ bóyá màá lè ní irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ọjà tí mò ń tà.

Ní Bràsíl, lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ ní 1929, kọfí pọ̀ dé ibi pé ìjọba ń dáná sun ún. Wọ́n ké sí Nestlé ní Switzerland pé kó bá wọn wá ọ̀nà tí kọfí kò fi ní bàjẹ́. Max Morgenthaler, onímọ̀ kẹ́mísìrì níbẹ̀, ló rí ọ̀nà náà ṣe, ní 1938 ni Nescafé sì bọ́ sọ́jà. Lulúù tí mái ṣáyì ń já nìyẹn. Ẹ mú orúkọ Nestlé yẹn dání, nítorí ọ̀dọ̀ wọn náà ni àgádágodo ti jáde.

Ní 1975, Nestlé gba ọ̀dọ́ ẹnjiníà kan síṣẹ́, Eric Favre, ọmọ Switzerland. Ọmọ Ítálì ni ìyàwó rẹ̀, Anna-Maria, obìnrin yìí kì í sì í jẹ́ kó sinmi: ó ní omi lásán làwọn ará Switzerland ń mu tí wọ́n ń pè é ní kọfí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ará ìlú míì mọ irú ẹ̀fẹ̀ yìí. Favre pinnu pé òun máa fi hàn án. Àwọn méjèèjì bá gbọ̀nà Ítálì lọ, wọ́n ń ti ilé kọfí kan bọ́ sí òmíràn. Ní Róòmù, nítòsí Pantheon, wọ́n rí ilé kọfí kan tí èrò tò sí, Sant'Eustachio, bẹ́ẹ̀ àwọn ilé kọfí míì wà nítòsí tí ẹ̀rọ wọn kò yàtọ̀. Kí ló dé? Wọ́n tò síbẹ̀, wọ́n sì ń wo ọwọ́ ẹni tó ń po kọfí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbòmíì máa ń fa ọwọ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, tiẹ̀ ń fà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún ń fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, léraléra. Gbogbo ìgbà tó bá fà á ni afẹ́fẹ́ ń wọlé pẹ̀lú omi, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbá òróró inú kọfí pọ̀ di ìfófó aláwọ̀ ilẹ̀pa tó ń léfòó lókè ife.

Favre padà sílé, ó ṣe kápúsù: ife kékeré tí a rọ kọfí lílọ̀ sí, tí a sì dé pa. Ẹ̀rọ á lu ihò sí i, á fi agbára fún omi gbígbóná àti afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, kápúsù á wú títí ìdérí rẹ̀ á fi fàya, kọfí á sì dà jáde. Ní 1976 ni wọ́n gba páténtì rẹ̀. Ẹ máa rò pé Nestlé gbá a mọ́ra. Rárá o. Nescafé ló ń mówó wọlé, ta ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ da iyẹ̀pẹ̀ sí gààrí ara rẹ̀? Ọdún mẹ́wàá ni kápúsù yẹn fi sùn. Ní 1986 ni wọ́n tó dá Nespresso sílẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ márùn-ún, wọ́n sì ń ta ẹ̀rọ náà fún àwọn ọ́fíìsì. Ọjà kò yá.

Jean-Paul Gaillard ló sọ ọ́ di owó. Ní 1988 ló dé, ó ti ọ̀dọ̀ Philip Morris, àwọn tó ń ta sìgá, bọ̀. Ó ní kí wọ́n fi ọ́fíìsì sílẹ̀, kí wọ́n wọ ilé àwọn olówó. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ míì máa ṣe ẹ̀rọ, kí wọ́n máa tà á ní ṣọ́ọ̀bù tó bá wù wọ́n. Kápúsù nìkan ni wọ́n dì mú. Ẹ kò lè rí i rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbọ́dọ̀ wọ ẹgbẹ́ wọn, kẹ́ ẹ fi fóònù pè é, kí wọ́n wá fi ránṣẹ́ sílé. Ẹgbẹ́! Bíi pé àwọn ará ilé yín fẹ́ joyè. Nígbà tó di 2006, George Clooney ti ń polówó rẹ̀ ní Yúróòpù.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀rọ ni ẹ̀fà. Kápúsù ni ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò: kọfí inú kápúsù Nespresso kékeré kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 5. Èyí túmọ̀ sí pé kílò kọfí kan máa kún nǹkan bí 200 kápúsù. Iye yòówù tí wọ́n bá ta kápúsù kan fún yín lónìí, ẹ fi 200 sọ ọ́ di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta kílò kọfí lílọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ṣe ìṣirò yẹn o.

Ní ìhà kejì òkun, ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, John Sylvan ń bínú sí kọfí ọ́fíìsì. Ẹ mọ irú rẹ̀: wọ́n sè é láàárọ̀, ó wà lórí iná di ọ̀sán, ó ti korò. Òun àti Peter Dragone, tí wọ́n jọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, dá Keurig sílẹ̀ ní 1992. Kápúsù tiwọn, K-Cup, jẹ́ ife ike kan tó ní bébà asẹ́ nínú. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ife Melitta náà ni, tí wọ́n wá dé lórí. Ọwọ́ ni Sylvan fi ń ṣe é níbẹ̀rẹ̀. Ó ń tọ́ ọ wò títí, tó bẹ́ẹ̀ tó fi di èrò ilé ìwòsàn, nítorí ó ń mu tó ife 30 sí 40 lójúmọ́. Ní 1997, ó ta ìpín tirẹ̀ ní dọ́là 50,000, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní 1998 ni ẹ̀rọ náà wọ ọ́fíìsì, ní 2004 ó wọ ilé, ní 2006 Green Mountain ra gbogbo ilé-iṣẹ́ náà. Iye owó tó ti inú K-Cup jáde lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kí n dá Sylvan lóró. Ní 2015 ó sọ fún oníròyìn pé ó máa ń dun òun nígbà mìíràn pé òun ṣe é, pé òun kò tiẹ̀ ní ọ̀kan nílé.

Ọdún 2012 ni ilẹ̀kùn ṣí. Páténtì kì í wà títí láé: àwọn tó ṣe pàtàkì jù lórí Nespresso àti K-Cup parí ní ọdún kan náà yẹn. Gbogbo ẹni tó bá lè rọ kọfí sínú ike wá láǹfààní láti ta tiẹ̀. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ẹni tó wà níwájú àwọn tó ń bá Nespresso jà kí ilẹ̀kùn yẹn tiẹ̀ tó ṣí: Jean-Paul Gaillard kan náà! Ó ti kúrò níbẹ̀, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń ta kápúsù tó ń jẹrà nínú ilẹ̀, èyí tó wọ inú ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ di olókìkí. Nestlé gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tó kan àgádágodo ló mọ ibi tí wọ́n ń gbà já a. Ní ilẹ̀ Faransé, àjọ tó ń rí sí ìdíje nínú okòwò dá sí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó sì di 2014, Nespresso ṣèlérí fún wọn pé bí òun bá fẹ́ yí ẹ̀rọ òun padà, òun á máa jẹ́ kí àwọn oníkápúsù míì gbọ́ ṣáájú.

Keurig gba ọ̀nà míì. Ní 2014 wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun jáde, Keurig 2.0, tó ní ojú tó ń wo ínkì pàtàkì kan lára ìdérí kápúsù. Bí kò bá rí ínkì yẹn, á ní òun kò pò ó. Ẹ̀rọ kọfí tó ń béèrè káàdì ìdánimọ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní printer tó kọ ínkì olówó pọ́ọ́kú mọ irú ìyà yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà kò gbà. Wọ́n ń gé ìdérí ara kápúsù tòótọ́, wọ́n ń fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ojú ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ á sì tàn jẹ. Fídíò rẹ̀ kún YouTube. Ọjà ẹ̀rọ náà wálẹ̀, ní 2015 ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà sì jáde sọ pé àwọn ṣàṣìṣe, wọ́n dá asẹ́ kékeré tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ rọ kọfí sí padà fáwọn oníbàárà.

Ti ìdọ̀tí náà wà níbẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní 2016, ìlú Hamburg ní Jámánì fòfin dè é pé wọn kò gbọdọ̀ fi owó ìlú ra kápúsù sí ọ́fíìsì ìjọba mọ́. Ní 2022, Keurig ti Kánádà gbà láti san ìtanràn mílíọ̀nù dọ́là mẹ́ta ti Kánádà, nítorí ó ń sọ fún aráàlú pé K-Cup ṣeé tún lò níbi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé ní Èkó tẹ́ ẹ sì mọ bí gọ́tà àdúgbò yín ṣe rí lẹ́yìn òjò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ àtúnlò tàn yín.

Ó yá, ká padà sórí ìbéèrè yín.

Ẹ kọ́kọ́ bi iná. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ oníkápúsù yìí máa ń jẹ tó 1,200 sí 1,500 wáàtì nígbà tí wọ́n bá ń gbé omi gbóná. Ai-bẹ́tà-pás-mai-nébọ̀ kékeré yẹn kò ní gbé e, inverter kékeré náà á pariwo. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ yí ẹ̀rọ náà padà kẹ́ ẹ ka ìdí rẹ̀. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, 120 fóltì ló ń lò. Iná tiwa sì wà láàárín 230 sí 240. Bí ẹ bá kì í bọ ògiri báyìí, á jóná kí kọfí tó kán. Ti ìlú Ọba bá iná tiwa mu, títí kan pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta rẹ̀.

Lẹ́yìn iná, ẹ bi àgádágodo. Bí ẹ̀rọ oníkápúsù bá wù yín dandan, tí iná yín dúró, tí àkókò yín kò tó láàárọ̀, ẹ ra èyí tó ń lo kápúsù Nespresso àtijọ́, èyí kékeré yẹn. Ó ti bọ́ lábẹ́ páténtì, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe kápúsù rẹ̀, ti irin tó ṣeé rọ kọfí sí léraléra sì wà. Ẹ má ṣe ṣi í mú pẹ̀lú Vertuo, ẹ̀rọ Nespresso kan náà tó jáde ní 2014. Èyí ń ka àmì tí wọ́n tẹ̀ sétí kápúsù kó tó ṣe ohunkóhun. Ọgbọ́n Keurig 2.0 ni, wọ́n kàn wọ aṣọ tó dáa fún un.

Tó bá jẹ́ tèmi ni, mi ò ní ra èyíkéyìí nínú wọn. Ìkòkò Moka oníife kan lórí sítóòfù gáàsì, tàbí ife asẹ́ bíi ti Melitta, tàbí AeroPress, ọ̀pá ike tí Alan Adler, ẹni tó ṣe Aerobie, òrùka tí wọ́n ń jù sófuurufú, gbé jáde ní 2005 torí kó lè po ife kan ṣoṣo tó dára. Ọwọ́ lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tẹ abẹ́rẹ́ oníṣègùn. Ẹ̀rọ tí NEPA kò lè bá jà nìyẹn.

Mo ní ìdí míì, òun gan-an ló jẹ́ kí n ṣe ètò yìí. A ń gbin kọfí. Ó wà ní òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, ó wà ní Kábbà ní Kogí, láàárín àwọn Òkun tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Láti 1964 ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, ti wà ní Ìbàdàn, kọfí sì wà lára ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ní kó máa ṣèwádìí lé lórí. Switzerland ni wọ́n ti ń rọ kápúsù Nespresso, gbogbo rẹ̀ pátá. Bí ẹ bá wá rí ẹni tó ń yan kọfí Kábbà, tó lọ̀ ọ́, tó dì í sínú ọ̀rá, ẹ̀rọ onígbọ̀wọ́ yẹn kò ní gbà á. Ìkòkò Bialetti á gbà á. Ife onihò Melitta á gbà á.

Ẹ ra kọfí lílọ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ dé e pa, kí afẹ́fẹ́ má baà gba adùn rẹ̀. Fún Moka, kí ó lọ̀ kúnná díẹ̀, kó má sì dà bí èlùbọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ sì gbé e kúrò lórí iná bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké gùlùgùlù.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, búrẹ́dì ló kàn: ìtàn Amos Shackleford, ọmọ Jamaica tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà, tó wá di ọba oníbúrẹ́dì ní Èkó.